Inú, àyà, ojú, orí: bí iṣẹ́ tẹ́rápì ṣe ń lọ gan-an

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbìyànjú láti lọ bá onítẹ́rápì, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ìdààmú ọkàn, ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọn kì í padà. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọn ti yanjú. Wọ́n lọ bí ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ bá àgbà ilé: wọ́n rò pé àwọn yóò rojọ́, ẹni náà yóò gbọ́, yóò sì sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Dípò èyí, ó fi nǹkan bíi wákàtí kan bi wọ́n ní ìbéèrè, ó fún wọn ní bébà pé kí wọ́n lọ kọ nǹkan sí i nílé, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n jáde, wọ́n ní, "Kí ló tiẹ̀ sọ? Kò kúkú sọ nǹkan kan." A ò lè bá wọn wí, nítorí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn. Ìmọ̀ràn ni wọ́n retí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni tẹ́rápì. Bí ẹni ń kọ́ aṣọ rírán ló rí: ẹ óò rán an, kò ní gún, ẹ óò tú u, ẹ óò tún un rán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìnira náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ara ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Nǹkan ń rìn lórí mi." "Orí mi ń gbóná." "Àyà mi ń lù kìkì." "Oorun ò kun ojú mi." Ẹni tó ń sọ èyí á ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, á ti lo ti táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, á ti mu àgbo, síbẹ̀ nǹkan náà ń rìn. Ọdẹ orí ni àwọn àgbà ń pè é. Ní ọdún 1987, Roger Makanjuola, dókítà ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tó ń ṣàròyé ọdẹ orí: ohun tó ń rìn lórí tó sì ń rìn káàkiri ara, ariwo inú etí, àyà tó ń já. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìpayà ló rí nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó ń ṣàròyé bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ọ̀nà kan tí ìdààmú ọkàn ń gbà yọ sí wa lára nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fo àyẹ̀wò. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí àyà máa lù kìkì. Táírọ́ìdì tó wà ní ọrùn, bó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n kí oorun má sì wá. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì kéré jù, ó lè tán ènìyàn lókun bíi ti ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ ní kí dókítà wo ìfúnpá yín, iye ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kó sì wo táírọ́ìdì bí owó bá tó o. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ má ṣe tún àyẹ̀wò kan náà ṣe káàkiri ọsibítù mẹ́rin. Ọ̀nà tó kù ni kí ẹ gbà.

Èdè wa ti ṣe apá kan iṣẹ́ tẹ́rápì sílẹ̀, ó sì ń dùn wá pé àwọn ènìyàn kì í lò ó. Yorùbá ti fún ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ń gbé lára. Inú ni ìbínú, ìbànújẹ́ àti ayọ̀ ń gbé: inú bí mi, inú mi bàjẹ́, inú mi dùn. Ẹ̀rù ń gbé àyà: àyà mi já, àyà fò mí. Ìtìjú ń gbé ojú: ojú tì mí. Àròjù ń gbé orí: orí mi kún, orí mi gbóná. Bí wọ́n bá bi yín pé "Báwo ló ṣe rí lára yín?", tí ẹ sì dáhùn pé "Kò da," ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ bi ara yín léèrè: ṣé inú ni, àbí àyà, àbí ojú?

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó wá nítorí ìbínú ló ń rí i, bí wọ́n bá fara balẹ̀ wá a, pé ojú ló kọ́kọ́ tì wọ́n kí inú tó bí wọn. Ìyàwó béèrè owó oúnjẹ, owó ò sí, ojú ti ọkọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ìtìjú ti di ìbínú, ó ti ń lọgun. Bí a bá ń tọ́jú ìbínú yẹn nìkan, ewé là ń já, gbòǹgbò wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ lédè tí ẹ fi ń ronú. Ẹni tó wọlé tó ní òun ní "depression" ti gba iṣẹ́ dókítà ṣe, kò sì tíì ṣe tiẹ̀. Tiẹ̀ ni láti sọ pé, "Láti oṣù kẹta ni mo ti ń jí ní aago mẹ́ta òru, àyà mi á máa já, mi ò ní lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Ẹ fi ọjọ́ méje ṣe àkọsílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Lójoojúmọ́, ẹ kọ aago tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ibi tó ti mú yín lára, bó ṣe le tó láti 0 dé 10, bó ṣe pẹ́ tó, àti ohun tí ẹ ṣe. Ìlà kan péré ti tó. Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, tàbí kó máa ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú agolo nígbàkígbà tí inú bá bí i, kó kà wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ta ni kí ẹ lọ bá?

Dókítà ọpọlọ ló lè kọ oògùn. Saikọ́lọ́jíìsì ọsibítù kì í kọ oògùn, òun ló máa ń ṣe tẹ́rápì jù. Ó yẹ kó ní ìwé ẹ̀rí másítà nínú clinical psychology, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti bi í ibi tó ti kàwé àti ẹni tó ń bojú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó láti fi gba ìṣòro ènìyàn mọ́ra. Bí owó aládàáni bá ga jù, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba: Àrò ní Abẹ́òkúta, Yábàá ní Èkó, UCH ní Ìbàdàn, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ní kílíníìkì tí ènìyàn ń wá láàárọ̀ tó sì ń padà sílé lọ́sàn-án. Ẹ tètè dé, nítorí àtigba káàdì máa ń gba àkókò ju àtirí dókítà lọ, kí ẹ sì béèrè iye owó ìjókòó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí owó má baà dá iṣẹ́ dúró lágbedeméjì.

Orúkọ Àrò ṣì ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, wọ́n ti sọ ọ́ di èébú. Bẹ́ẹ̀ ohun tí dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1954 yàtọ̀ pátápátá sí ẹ̀wọ̀n. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ọsibítù ká, mọ̀lẹ́bí kan wà lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń sè tó sì ń fọṣọ fún un, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú wọ́n sì ń padà sáàárín ènìyàn. Ó tilẹ̀ pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Òfin àtijọ́ Nàìjíríà ti 1958, èyí tó ń pe aláìsàn ní wèrè nínú orúkọ ara rẹ̀, ti kógbá sílé: òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ di fífọwọ́sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, ó sì dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ẹ lè forúkọ ara yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ NHS Talking Therapies láìkọ́kọ́ rí dókítà, bí ẹ bá ti pé ọdún 18. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lo ọmọ yín gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Ìyá kò ní sọ òtítọ́ níṣojú ọmọ tó bí, ọmọ náà ò sì yẹ ní ẹni tí a ń di ẹrù yẹn lé lórí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Ìjókòó kan máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 50 sí 60. Wọn óò béèrè nípa oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, ìgbéyàwó, ikú tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ọtí. Ẹ kó orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, kí ẹ fi àgbo sí i, kí ẹ sì sọ bó bá jẹ́ ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ẹni tó ń mu ife àgbo ọlọ́tí méjì lójúmọ́ ń mu ọtí lójúmọ́, bó tilẹ̀ ń sọ pé òun kì í mutí. Tramadol àti omi ìkọ́ tó ní codeine náà ńkọ́? Ẹ sọ ọ́. Kì í ṣe ọlọ́pàá ni ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n tàbí òbí bá sìn yín lọ, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín láàyè láti dá wà pẹ̀lú onítẹ́rápì fún ìdajì àkókò náà ó kéré tán. Àgbà tó jókòó ti ọmọ ló máa ń dáhùn ìbéèrè ọmọ. Onítẹ́rápì tó mọ iṣẹ́ á tọrọ àyè yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ogún ìṣẹ́jú, a óò pè yín padà." Ẹ tún bi í pé ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ yín lè jáde kúrò nínú yàrá yẹn. Ìdáhùn tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni pé bí ẹ bá fẹ́ pa ara yín, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, bí ìyà bá ń jẹ ọmọdé kan, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù tó ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Láti 10 lọ sókè, ó yẹ kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Láti 20 lọ, ó ti le gan-an. Ẹ fi nọ́ńbà yìí pamọ́, ẹ óò tún un kọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìbéèrè kẹsàn-án béèrè bóyá èrò pé ó sàn kí ènìyàn kú ti ń wá sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi 0 síbẹ̀ nítorí ìtìjú tàbí ẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti sọ fún dókítà pé èrò ikú ń wá. Bí èrò náà bá ti ní ọ̀nà àti ọjọ́ nínú, ẹ má ṣe dúró de ìjókòó tó ń bọ̀, ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù tó súnmọ́ yín lónìí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kó oògùn apakòkòrò, oògùn eku àti àpọ̀jù oògùn òyìnbó kúrò nínú ilé pátápátá, ẹ má kàn tọ́jú wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbì èrò yẹn sábà máa ń ga fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń lọ sílẹ̀. Ẹni tí kò rí nǹkan fà mú nígbà tó ga lè wà láàyè títí yóò fi rọlẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ má sì bá a jiyàn nípa ọ̀run àpáàdì. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni kí ẹ pè. Ní Britain, 116 123 ni ti Samaritans.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Irú tẹ́rápì tí ẹ máa bá pàdé jù ni CBT (cognitive behavioural therapy, tẹ́rápì tó ń yẹ èrò àti ìṣe wò), tí dókítà ọpọlọ Aaron Beck bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ìjókòó 6 sí 20 ló máa ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó rí lára yín, èrò kan wà tó sáré kọjá, tí ẹ ò rí. Iṣẹ́ yín ni láti mú èrò náà.

Àpẹẹrẹ rèé. Obìnrin kan kí ìyálóde ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi ìnáwó, ìyẹn ò dáhùn. Ó kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ, kò sì lọ sí ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Lórí bébà, ó fa ìlà. Sí ìlà kìíní, ó kọ ohun tí kámẹ́rà ìbá rí nìkan: "Mo kí wọn, wọn ò dáhùn." Kò gbọdọ̀ kọ "Wọ́n fojú pa mí rẹ́," nítorí kámẹ́rà ò lè rí ìyẹn. Sí ìlà kejì, èrò: "Wọ́n ti gbọ́ pé mo jẹ gbèsè àjọ, gbogbo ẹgbẹ́ ti mọ̀." Ó gbà á gbọ́ dé 90 nínú 100. Sí ìlà kẹta, ìmọ̀lára: ojú tì mí, 80; àyà mi já, 60. Lẹ́yìn èyí, kó ṣe bí adájọ́. Ẹ̀rí wo ló gbe èrò yẹn? Lóòótọ́, ó jẹ gbèsè oṣù méjì. Ẹ̀rí wo ló takò ó? Ìlù ń dún gan-an, ìyálóde ń ka owó aṣọ ẹbí lọ́wọ́, ìyálóde kan náà sì pè é lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Èrò tuntun: "Wọ́n lè má gbọ́ mi. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ̀, gbèsè oṣù méjì ni, mo lè bá wọn sọ ọ́." Ó gba èyí gbọ́ dé 60. Ìtìjú náà ti di 40.

Ẹ kíyè sí i pé kò di 0. Ẹni tó bá ń retí 0 á ní kò ṣiṣẹ́. Apá tó kù wà nínú ìdánwò: kó pe ìyálóde ní Ọjọ́ Ajé, kó wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àṣìṣe tí a ń rí jù ni kí ènìyàn kọ ìmọ̀lára síbi èrò: "Mo rò pé inú mi bàjẹ́." Ìmọ̀lára nìyẹn, kò ṣeé gbé ẹ̀rí tì. Òmíràn ni kí ènìyàn kọ àdúrà síbi èrò tuntun: "Gbogbo rẹ̀ á dára lágbára Ọlọ́run." Àdúrà ní àyè tiẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà yẹn ń fẹ́ ohun tí ẹ̀rí gbè. Àwọn kan sì máa ń kọ ti ọjọ́ méje lálẹ́ tó ṣáájú ìjókòó. Èrò tó sáré kọjá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti lọ, ohun tí wọ́n ń kọ ni àlàyé.

Fún ìbínú, iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí inú dùn. Ẹ bá aya tàbí ọkọ yín ṣàdéhùn: ẹni tó bá rí i pé inú òun ń ru á ní, "Mo ń bọ̀, ó di ogún ìṣẹ́jú," á sì jáde. Iye àkókò yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó jáde láìsọ ìgbà tí òun ń bọ̀, ẹni tó kù nílé á gbà pé ó kọ òun sílẹ̀. Níta, ẹ rìn, ẹ fi imú mí wọlé bí ẹ ti ń ka 1 dé 4, ẹ mí síta bí ẹ ti ń ka 1 dé 6, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá lo ogún ìṣẹ́jú yẹn láti máa to ọ̀rọ̀ tí ẹ máa fi dá a lóhùn, ẹ óò gbóná padà wọlé ju bí ẹ ṣe jáde lọ. Kí ẹ sì padà ní àkókò tí ẹ dá.

Ìpayà òjijì yàtọ̀. Àyà lù, ìka ń ta, òòyì ń kọ́ni, ó dà bí ikú. Mímí kíákíá ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀: afẹ́fẹ́ tí ara ń lé jáde ń jáde jù, ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìka á máa ta, orí á fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí "mí kanlẹ̀, mí kanlẹ̀" tí àwọn ará ilé máa ń pariwo fi lè dá kún un. Èémí kékeré, tó lọ́ra, tó pẹ́ ní jíjáde, ni oògùn rẹ̀. Ó sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ló ti mú yín, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sá lọ, ara yín á kọ́ pé ọkọ̀ ni ewu. Ẹ dúró títí yóò fi rọlẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é. Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́, tí àyà ń dun yín tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, ẹ lọ sí ọsibítù ná.

Oògùn ńkọ́? Èyí tó wà fún ìrẹ̀wẹ̀sì, bíi sertraline, máa ń gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Inú lè máa ru bí ẹni tó fẹ́ bì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ ń jù ú sílẹ̀ sí. Lẹ́yìn tí ara bá yá, ó sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí dókítà tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a dúró lójijì. Diazepam àti bromazepam, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà lẹ̀rù ń bà wá sí: láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á ti so mọ́ wọn. Ẹni tó ń lo lithium, oògùn ọpọlọ mìíràn, kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ gbígbẹ láìsọ fún dókítà rẹ̀, yálà ti Ramadan ni o tàbí ti orí òkè, nítorí bí omi bá gbẹ lára, oògùn náà á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè di májèlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ó lè dà bíi pé nǹkan burú sí i. Ohun tí ẹ ti bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá lẹ ń ṣí. Ẹ sọ ọ́ nínú ìjókòó, ẹ má fi ìyẹn sá. Ṣùgbọ́n bí ìjókòó mẹ́fà bá kọjá tí PHQ-9 yín kò tíì fi nǹkan bíi 5 dín kù, ẹ bi onítẹ́rápì ní tààrà pé, "Kí la fẹ́ yí padà?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú. Èyí tó bá ń wàásù fún yín, tó ń yá owó lọ́wọ́ yín, tó ń fọwọ́ kàn yín lára, tàbí tó ń fi ìtàn ìgbéyàwó tirẹ̀ gba àkókò yín, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí ara bá ti ń yá, wọn óò fa àwọn ìjókòó náà jìnnà síra: ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà oṣù kan. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ẹ óò jọ kọ bébà kan tí ẹ óò mú lọ sílé. Àmì mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ń fi hàn pé ó tún ń bọ̀ ló wà lókè rẹ̀, bíi kí ẹ má fẹ́ gbé fóònù mọ́, kí ẹ máa jí ní aago mẹ́ta òru, kí ẹ má wẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Orúkọ ẹnì kan nínú ilé tó gbà láti sọ fún yín bó bá rí àmì náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ ó padà lọ sí kílíníìkì bí àmì méjì bá fi ọ̀sẹ̀ méjì wà ló kẹ́yìn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù, níbi tí ọwọ́ yín á ti máa kàn án láràárọ̀.